Lẹ́tà Nehemáyà àti Owó Iṣẹ́ Àdúgbò Wa

Ẹ̀kọ́ kíkà: Nehemáyà 2:1–18, 3:12

Ẹ̀kọ́ wa fún oṣù mẹ́ta yìí dá lórí owó. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé owó kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé Ọlọ́run, ẹni náà kò tí ì san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ mẹ́ta pọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án.

A mọ Nehemáyà bí ẹni tí ó gbàdúrà tí ó sì mọ odi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún orí kejì kà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tí ọba bi í léèrè ohun tí ó ń fẹ́, kò kàn sunkún. Ó dá ìgbà tí òun yóò padà. Ó béèrè lẹ́tà sí àwọn gómìnà òdìkejì odò kí wọ́n jẹ́ kí òun kọjá, àti lẹ́tà sí Ásáfù tí ó ń ṣọ́ igbó ọba, ó sì sọ ohun tí òun fẹ́ fi igi náà ṣe. Kí ó tó la ẹnu, ó ti mọ ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ẹni tí ohun èlò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú un wá sí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Àjọ ni àwa obìnrin fi ń ṣòwò láti ayé àwọn ìyá ìyá wa. Àjọ dára, òun ni ó ra agbọ̀n ẹja àkọ́kọ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Ṣùgbọ́n àjọ kò lè tún ọ̀nà tí ó lọ sí etí ọ̀sà ṣe, kò sì lè la gọ́tà ọjà. Owó méjì ni a máa ń dà pọ̀ mọ́ ara: owó tí olúkúlùkù fi ń ra ọjà, àti owó iṣẹ́ tí gbogbo wa yóò jọ lò. Ẹnu-ọ̀nà wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Ní ti owó olúkúlùkù, ẹ jẹ́ kí a wo LSETF, àjọ tí òfin ìpínlẹ̀ Èkó gbé kalẹ̀ ní 2016 pẹ̀lú ètò ₦25 bílíọ̀nù fún ọdún 4. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ó ń yá àwọn oníṣòwò ní owó tí kò ju ₦5 mílíọ̀nù lọ, èlé rẹ̀ sì jẹ́ 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Wọ́n ń béèrè nọ́ńbà LASRRA, ìwé owó orí àti onídùúró. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ kò tán lára wa. Bí a bá yá ₦200,000 ní èlé 5 lọ́dún, èlé rẹ̀ jẹ́ ₦10,000. Bí ó bá jẹ́ 5 lóṣù, tí gbogbo gbèsè náà sì wà nílẹ̀ fún oṣù 12, ó di ₦120,000. Ẹnu kan náà ni ayánilówó fi ń pe méjèèjì ní "fáìfù pásẹ́ǹtì". Ẹ bi í léèrè: lọ́dún ni, tàbí lóṣù?

Ọ̀rọ̀ onídùúró sì wà níbẹ̀. A mọ ìyá méjì tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé fún arábìnrin kan nítorí pé wọ́n jọ ń kọrin. Arábìnrin náà kó kúrò ní àdúgbò, àwọn ìyá méjèèjì sì san gbèsè náà láti inú ọjà tiwọn títí ìsọ̀ ọ̀kan nínú wọn fi ṣófo. Kò sí ẹni tí ó bá wọn dá sí i nínú ẹgbẹ́. Àwa náà kò dá sí i, ó sì ń dùn wá títí di òní.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé láti 2017 ni òfin Nàìjíríà ti gbà pé kí a fi ohun tí ó ṣeé gbé, bí ẹ̀rọ ìlọta tàbí fírísà, dúró fún owó tí a yá. Kì í ṣe ilẹ̀ nìkan mọ́. Ẹ tọ́jú rìsíìtì ẹ̀rọ yín.

Ní ti owó iṣẹ́ gbogbo wa, ẹ rántí Fadama. Ọ̀rọ̀ Hausa ni. Akùrọ̀ ni àwa ń pè é. Báńkì Àgbáyé yá Nàìjíríà ní mílíọ̀nù 100 dọ́là fún ìpele kejì rẹ̀, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá 2003, Èkó sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó kópa. Ní 2008 wọ́n fọwọ́ sí ìpele kẹta, mílíọ̀nù 250 dọ́là. Ọ̀nà tí owó náà gbà ni a fẹ́ kí ẹ wò. Ẹnì kan kò lè dá lọ gbà á. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ọ̀kan, bí ẹlẹ́ja tàbí oníṣu, kóra jọ di ẹgbẹ́ kékeré. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké àdúgbò kan tún parapọ̀ di ẹgbẹ́ ńlá. Ẹgbẹ́ ńlá náà ni ó jókòó kọ ìwé ètò ohun tí àdúgbò nílò, tí ó gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ kí ó tó dé ọ́fíìsì ìpínlẹ̀. Wọ́n sì ní láti dá owó tiwọn sí i. Ní ìpele kejì, bí ẹ̀rọ kan bá jẹ́ ₦100,000, ẹgbẹ́ mú ₦30,000 wá, ètò san ₦70,000. Àwọn kan ní bí ó bá jẹ́ ìrànlọ́wọ́, kí wọ́n ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Àwa kò gbà pẹ̀lú wọn. A ti rí ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ tí ewéko bò mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni CADP dé ní 2009, àti APPEALS tí ó parí ní 2023. Adìẹ, ẹja àti ìrẹsì ni wọ́n mú ní Èkó. Àwọn ètò wọ̀nyí ń wá, wọ́n ń lọ. Ẹgbẹ́ tí ìwé rẹ̀ pé kí ètò tó dé ni ó ń rí i bá lọ.

Ẹ mọ káńsù yín pẹ̀lú. Bí a bá ka àwọn LCDA tí Èkó dá sílẹ̀ ní 2003 mọ́ ọn, agbègbè Ìkòròdú ní káńsù 6, Ẹ̀pẹ́ ní 3. Ẹgbẹ́ kan tí a wà nínú rẹ̀ kọ lẹ́tà nítorí ìsọ̀ ọjà, a fi ránṣẹ́ sí káńsù tí ọjà náà kò sí lábẹ́ rẹ̀, ó sì sùn síbẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Ẹ̀bi tiwa ni. A kò béèrè. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ láti àpò àpapọ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù tí ará ìlú dìbò yàn. Nítorí náà, kò burú bí a bá bi káńsẹ́lọ̀ wa léèrè ohun tí ó wà nínú ìṣirò owó ọdún tí ń bọ̀ fún ọjà wa. Kí lẹ́tà dé ọwọ́ wọn kí oṣù Kẹsàn-án tó parí. Èyí tí ó dé ní oṣù Kínní ti pẹ́.

Ẹ wo orí 3:12 kí a tó dákẹ́. Àwọn ọmọbìnrin Ṣálúmù wà lára àwọn tí ó mọ odi náà, baba wọn sì jẹ́ aláṣẹ ìdajì ìlú. Obìnrin àti ìjọba jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ kan náà.

Fún ìjíròrò: Ta ni Ásáfù ní àdúgbò yín, káńsù wo ni ọjà yín sì wà lábẹ́ rẹ̀? Bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ kò bá lè san gbèsè, kí ni a ó ṣe fún onídùúró rẹ̀? Kí akọ̀wé kọ̀ọ̀kan mú ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ wá sí ìpàdé tí ń bọ̀, kí akápò mú ìwé báńkì.