Orúkọ Tuntun Nínú Ìdílé Gúáfà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn onímọ̀ ewéko ń ṣe. Ní Fádèyí tí mò ń gbé, gúáfà wà lórí igbá, kànáfùrù wà lọ́wọ́ ẹlẹ́wé-ọmọ. Ìdílé kan náà ni wọ́n, Myrtaceae. Bí a bá fọwọ́ ra ewé wọn, yóò ta sánsán.

Kí a tó gbà pé igi kan jẹ́ tuntun nínú ìdílé yìí:

(a) a ó fi í wé àwọn tí a ti mọ̀, láti ewé dé òdòdó;

(b) a ó sá ẹ̀ka rẹ̀ gbẹ, a ó sì fi ṣe ẹ̀rí ní ilé ìpamọ́ ewéko, irú èyí tí ó wà ní Yunifásítì Èkó;

(d) a ó tẹ orúkọ àti àpèjúwe rẹ̀ jáde. Láti 1935 títí dé òpin 2011, èdè Látìn nìkan ni òfin gbà. Láti 2012 ni Gẹ̀ẹ́sì ti bá a kẹ́gbẹ́.

Linnaeus ará Súwídìn ló sọ gúáfà ní Psidium guajava ní 1753, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ 'guajava' ti wá. Kíkọ tí a kọ ọ́ sílẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó sọnù.

Òfin kò gba àpèjúwe lédè Yorùbá, ṣùgbọ́n ààyè wà fún orúkọ Yorùbá lára ìwé tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka gbígbẹ. Bí a kò bá fi àmì ohùn sí i, ta ni yóò mọ̀ ọ́n pè lọ́la? Lójú tèmi, iṣẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nìyẹn.