Ewé Akíntọ́lá àti Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Àwọn Olùkọ́ Wa

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ jùmọ̀ yẹ̀ wò nínú ìwé àjọ̀dún yìí kò jìnnà sí ẹ̀yìnkùlé ẹnikẹ́ni ní Adégbàyí. Àwọn kan ń pè é ní ewé Akíntọ́lá, àwọn mìíràn ní ewé Awólọ́wọ̀. Orúkọ méjèèjì lè ṣi ọmọdé lọ́nà. Ọdún 1959 ni Olóyè Akíntọ́lá di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ewéko yìí ti wọ Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1937, nígbà tí èso rẹ̀ bá irúgbìn igi mẹláínà wá láti Sri Lanka dé agbègbè Enugu. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti àárín títí dé gúúsù, ni orírun rẹ̀.

Kí a tó fi ẹ̀kọ́ yìí lé olùkọ́ lọ́wọ́, ohun kan wà tí a ní láti kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀: àdá ìjìyà. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ tí ó bá pẹ́ dé ni a ń rán lọ ṣán koríko. Báwo ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò ṣe fẹ́ mọ ewé tí a fi jẹ ẹ́ níyà?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kò gbọdọ̀ parí sínú yàrá. Kí wọ́n jáde sí ẹ̀yìn ọgbà ní oṣù Kejìlá, nígbà tí ó bá ń yọ òdòdó. Kí wọ́n rún ewé rẹ̀, kí wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀, kí wọ́n wo iṣan mẹ́ta tí ó là á láti ìdí. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wo bí èso wẹ́wẹ́ rẹ̀, tí ó ní irun bí òwú, ti ń bá afẹ́fẹ́ ọyẹ́ lọ, tí ó sì ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Kí wọ́n fi ọkọ́ hú ìdí rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ìdí tí èyí tí a kàn fi àdá bẹ́ fi ń tún rú.

Kí wọ́n sì bi àgbẹ̀ léèrè. Yóò sọ fún wọn pé tata tí ń jẹ ẹ̀gẹ́ a máa kó jọ sórí rẹ̀, àti pé igi rẹ̀ gbígbẹ a máa gbé iná wọ oko. Yóò tún sọ pé a ń fún omi rẹ̀ sí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, àti pé ilẹ̀ tí ó bò fún ọdún mélòó kan a máa lọ́ràá. Olùkọ́ tí ó bá fi apá kejì yìí pamọ́ kò ṣe òtítọ́ sí ọmọ. Ọmọ náà yóò sì gbọ́ ọ nílé.

Ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi òwe èpò inú Mátíù orí 13 dá olùkọ́ dúró. Ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn ni Olúwa ń sọ níbẹ̀. Ewé Akíntọ́lá tí a bá fi sílẹ̀ di ìgbà ìkórè ti gbin oko aládùúgbò fún ọdún tí ń bọ̀.

Bí Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́jáde bá ń wá ẹ̀bùn àjọ̀dún, a dábàá ọjọ́ méjì irú ẹ̀kọ́ yìí fún gbogbo olùkọ́, kì í ṣe ti iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan. Kí a pe àgbẹ̀ méjì láti abúlé tí ó yí wa ká láti kọ́ wọn, kí a sì san owó fún wọn bí a ti ń san fún ọ̀jọ̀gbọ́n.