Iṣẹ́ ní Ilé-Iṣẹ́ Kékeré

Bí ènìyàn bá rin agbègbè Ìbàdàn já, láti Mọ́níyà ní Akínyẹlé dé Ìyànà Ọ̀fà ní Lágelú, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Àkànràn ní Ọ̀nà-Àrà, yóò rí ilé-iṣẹ́ kéékèèké káàkiri. Òmíràn ń lọ oúnjẹ adìẹ, òmíràn ń la pákó, òmíràn ń tẹ̀wé, òmíràn sì ń yan gàrí. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí ó ni ín àti òṣìṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ni ó wà níbẹ̀. Bí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá pe ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama pé kí ó wá ṣiṣẹ́, ǹjẹ́ ó yẹ kí ó lọ?

Àwọn kan a máa fi ojú tẹ́ńbẹ́lú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò ní orúkọ ńlá. Àwọn mìíràn a sì sáré gbà á láìbéèrè ohunkóhun, nítorí pé iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n. Ọ̀nà méjèèjì ni kò tọ́. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Kíkéré ilé-iṣẹ́ kì í ṣe àbùkù, kì í sì í ṣe ẹ̀yẹ. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò.

Kí a sọ pé wọ́n fẹ́ gba ọ̀dọ́mọbìnrin kan gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ní ilé ìlọ oúnjẹ adìẹ kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ní ilé-iṣẹ́ ńlá, ẹni tí ń kọ ìwé owó lè má mọ ibi tí wọ́n ti ra àgbàdo. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, òun náà ni yóò wọn àgbàdo nígbà tí ọkọ̀ bá já a, tí yóò tajà fún àwọn ọlọ́sìn adìẹ, tí yóò sì ṣírò èrè àti àdánù nírọ̀lẹ́. Bí ọdún bá ń gorí ọdún, yóò mọ òwò náà láti gbòǹgbò dé orí. Bí ó bá sì ń gbé nítòsí, owó ọkọ̀ tí ì bá fi máa wọ àárín Ìbàdàn lójoojúmọ́ yóò kù sí i lápò.

Síbẹ̀, ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́. Orí ẹnì kan ṣoṣo ni ẹrù ilé-iṣẹ́ kékeré dúró lé. Bí ẹni náà bá dùbúlẹ̀ àìsàn, tàbí tí oníbàárà ńlá kan kò bá san gbèsè, owó oṣù lè fà sẹ́yìn. Ní ọdún 2006, nígbà tí àrùn adìẹ tí a ń pè ní bird flu kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà, ẹ̀rù mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn má ra adìẹ àti ẹyin mọ́. Ẹni tí kò bá sì rí adìẹ tà kò ní rí owó ra oúnjẹ adìẹ.

Òfin pàápàá kò de gbogbo ilé-iṣẹ́ bákan náà. Ní ọdún 2024, òfin sọ owó oṣù tí ó kéré jù lọ di ₦70,000, ṣùgbọ́n kò de ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ ọ́ di dandan fún ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti máa fi ó kéré tán ₦10 pamọ́ fún òṣìṣẹ́ lórí ₦100 owó oṣù rẹ̀, kí òṣìṣẹ́ náà sì fi ₦8 kún un. Ibi tí òṣìṣẹ́ márùn-ún wà kò sí nínú ìdè yìí. Nítorí náà, ohun tí òfin ń fún òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá, ẹnu ni òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kékeré yóò fi béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin iṣẹ́ kò gbàgbé akọ̀wé àti ẹni tí ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́: láàárín oṣù mẹ́ta tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, ó di dandan kí ẹni tí ó gbà wọ́n kọ àdéhùn iṣẹ́ náà fún wọn: iye owó, ìgbà tí yóò máa san án, wákàtí iṣẹ́ àti ìsinmi.

Ohun tí ó sábà máa ń dí ìbéèrè lọ́wọ́ ni ìtìjú. Ní ìlú kékeré, ẹni tí ó ni ilé-iṣẹ́ lè jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá ọmọ náà, ó sì lè dà bí àfojúdi kí ọmọ dá ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ níwájú àgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Bí ó bá kúnlẹ̀ tí ó ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ rántí mi, Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kọ iye owó oṣù mi àti ọjọ́ tí n óò máa gbà á sílẹ̀, kí n lè fi han àwọn òbí mi,” kò sí ìwọ̀sí níbẹ̀. Kí ó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bóyá oṣù kì í di méjì kí wọ́n tó rí owó, àti ìdí tí akọ̀wé tí ó wà níbẹ̀ ṣáájú fi kúrò.

Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Àgbà tí ó bá mú kálámù nígbà tí ọmọ béèrè, bí owó ibẹ̀ tilẹ̀ kéré, iṣẹ́ tí ọmọ yóò kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ lè ju owó lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá fa ojú ro, tí ó ní kí ọmọ ṣáà máa bọ̀ ná, ọmọ ti gbọ́ èsì kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.