Ọkàn Mi Kò Balẹ̀: Bí A Ṣe Ń Lo "Uneasy" Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ ti mọ ìwé kà ní èdè wa. Ẹ ti lè kọ orúkọ yín, ẹ sì ti lè ka ìwọ̀n òwú lórí òṣùwọ̀n. Lónìí, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo la óò kọ́, ṣùgbọ́n a óò kọ́ ọ dáadáa.

Kí ló dé tí a fi ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì?

Ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò, Faransé ni ìjọba fi ń kọ ìwé. Ṣùgbọ́n ará Kétu tó bá kọjá sí Ìmẹ̀kọ, Nàìjíríà ló dé yẹn. Ará Àjàṣẹ́ tó bá gba Ìgòlò kọjá sí Ìdí-Ìrókò, Nàìjíríà ló dé. Ará wa ní Lomé tó bá kọjá sí Aflao, Gánà ló dé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ṣàkóso Gánà títí di 1957, àwọn náà ló ṣàkóso Nàìjíríà títí di 1960. Nítorí náà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ìwé ìjọba níbẹ̀ di òní.

Ní Ìmẹ̀kọ àti Ìdí-Ìrókò, a ó sọ Yorùbá, a ó sì gbọ́ ara wa. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò tàbí nọ́ọ̀sì tí kò gbọ́ Yorùbá, tí kò gbọ́ Faransé, kí la ó ṣe? Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tí a mọ̀ ni yóò gbà wá.

1. Kí ni "uneasy"?

Ọmọ lọ sódò, ilẹ̀ ti ṣú, kò tíì dé. Ìyá rẹ̀ ò lè jókòó. Ọkọ̀ kó iṣu lọ, ó di ọjọ́ mẹ́ta, a kò gbúròó rẹ̀. Ẹni tó ni iṣu ò lè sùn. Ohun tó ń ṣe àwọn méjèèjì yìí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "uneasy". Kì í ṣe ẹ̀rù tó ń mú ni sá. Kì í sì í ṣe àìsàn. Àìbalẹ̀ ọkàn ni.

2. Bí a ṣe ń pè é

A ń kọ ọ́ báyìí: u-n-e-a-s-y. Ohùn "u" ibẹ̀ súnmọ́ "ọ" wa. "Ea" ń dún bí "i" tí a fà gùn, ibẹ̀ sì ni ohùn ti ń le jù. Lẹ́tà "s" kì í dún bí "s" wa. Ó ń dún bí "z" tí àwọn Fọ̀n àti àwọn Gùn ń pè.

3. Ẹ má jẹ́ kí "un" bọ́

"Easy" ni ohun tó rọrùn, tàbí ọkàn tó wà ní ìrọ̀rùn. "Un" tó wà níwájú ń sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí "àì" ń ṣe ní èdè wa ló ń ṣe: gbọ́n, àìgbọ́n, balẹ̀, àìbalẹ̀.

Ká sọ pé ẹnì kan ní Accra jẹ yín lówó. Ẹ fẹ́ kó mọ̀ pé ọkàn yín kò balẹ̀ nípa owó náà. Ẹ ó ní: "I am uneasy about the money." Bí "un" bá bọ́ lẹ́nu yín, ó di: "I am easy about the money." Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ sọ yẹn? Ẹ ní ọkàn yín balẹ̀, pé owó náà kò yọ yín lẹ́nu. Onígbèsè á rẹ́rìn-ín, á lọ sùn!

4. Bí a ṣe ń fi í sínú gbólóhùn

Ní èdè wa, ọkàn la máa ń dárúkọ: ọkàn mi kò balẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn fúnra rẹ̀ la sábà ń dárúkọ. Lẹ́yìn náà, "am", "is" tàbí "are" gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ẹni tó gbọ́ Faransé díẹ̀ mọ̀ ọ́n: "I am" ni "je suis".

Ẹ kà á sókè:
Ọkàn mi kò balẹ̀: "I am uneasy."
Ọkàn ìyá náà kò balẹ̀: "The mother is uneasy."
Ọkàn wa kò balẹ̀: "We are uneasy."
Ọkàn mi kò balẹ̀ lánàá: "I was uneasy yesterday."

Ní Faransé, ọkùnrin á ní òun jẹ́ "inquiet", obìnrin á ní òun jẹ́ "inquiète". Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìyẹn. Ọkùnrin, obìnrin, ẹnì kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn, "uneasy" kan náà ni.

Bí a bá fẹ́ sọ ohun tó fà á, "about" la ó fi sí i: "We are uneasy about the rain." Ọkàn wa kò balẹ̀ nípa òjò.

5. Ẹ ṣọ́ra fún ìwọ̀nyí

Ẹ má sọ pé "I uneasy". Ẹ sọ pé "I am uneasy".

Ẹ má sọ pé "Uneasy is doing me". Ní èdè wa, nǹkan lè máa ṣe wá. Gẹ̀ẹ́sì kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sọ pé "The work is uneasy" nígbà tí iṣẹ́ bá le. Oko kò ní ọkàn tí kò ní balẹ̀! Ẹ sọ pé "The work is not easy", tàbí "The work is hard".

6. Ní ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì

Èyí ló ṣe pàtàkì jù. Bí ara ọmọ bá gbóná, tí ìyá dé ọsibítù, tí ó ní "I am uneasy" nìkan, nọ́ọ̀sì lè rò pé ìyá ló ń dààmú. Kò ní mọ̀ pé ara ọmọ ń gbóná. Ẹ kọ́kọ́ sọ àìsàn, kí ẹ tó sọ ti ọkàn:

"My child is ill." Ọmọ mi ń ṣàìsàn.
"He has a fever." Ara rẹ̀ ń gbóná. Bí ó bá jẹ́ ọmọbìnrin, "She has a fever."
"He cannot drink." Kò lè mu nǹkan.
"He is breathing fast." Ó ń mí kíákíá.

Ọmọ tí kò lè mu nǹkan, tàbí tó ń mí kíákíá, kò gbọdọ̀ pẹ́ lórí ìlà. Ẹ tètè sọ ọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ lè wá sọ pé: "I am uneasy about him."

Ìdánrawò

Ẹ sọ ìwọ̀nyí ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì kọ wọ́n sínú ìwé yín:
1. Ọkàn bàbá náà kò balẹ̀.
2. Ọkàn mi kò balẹ̀ nípa ọmọ náà.
3. Iṣẹ́ náà kò rọrùn.

Ìdáhùn: 1. "The father is uneasy." 2. "I am uneasy about the child." 3. "The work is not easy."

Bí ẹ bá délé, ẹ kọ́ ẹnì kan tó máa ń lọ ọjà òkè ààlà. Ohun tí a bá fi kọ́ ẹlòmíì kì í tètè kúrò lórí wa.