Ẹ̀KỌ́ KẸSÀN-ÁN: LẸ́TÀ GBẸ̀FẸ́ LÁTI Ọ̀DỌ̀ ÌYÁ TÍ IṢẸ́ BỌ́ LỌ́WỌ́ RẸ̀

Ìbéèrè: Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ obìnrin Yorùbá kan tí ó ń dá ọmọ méjì tọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìbàdàn kọ̀wé pé kí ó fi £300 ránṣẹ́ láti tún òrùlé ilé bàbá wọn ṣe. Kọ lẹ́tà tí obìnrin náà yóò fi dá a lóhùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka ìbéèrè yìí fìrí yóò rò pé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ní kí òun kọ. Àlàyé ni wọ́n ní kí o ṣe. Ẹ̀gbọ́n yìí ti gbọ́ pé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sanwó fún ẹni tí kò níṣẹ́, òótọ́ sì ni. Bí o bá kọ pé kò sí owó, irọ́ ni yóò kà á sí. Ọ̀nà tí owó náà ń gbà lọ ni kí o fi hàn án.

Mọ èyí kí o tó mú bírò. Universal Credit, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2013, ni owó tí ẹni tí kò níṣẹ́ ń gbà. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni, ẹ̀yìn oṣù ni wọ́n sì ń san án, nítorí náà ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè yóò dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Child Benefit ni owó ọmọ. 1977 ni ó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò fún un láyè láti gba owó ìjọba kò lè rí méjèèjì gbà. A ó gbà pé ìwé obìnrin tiwa pé. Iye owó inú lẹ́tà yìí jẹ́ ti ọdún 2025 sí 2026. Ó máa ń yí padà ní Oṣù Kẹrin.

ÀPẸẸRẸ

Peckham,
Lọ́ńdọ̀nù.
10 Oṣù Kẹfà, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú Màámi. Mo gba lẹ́tà yín, ó sì dùn mí pé ìjì ti ṣí páànù ilé Bàbá.

Ẹ̀gbọ́n, n kò lè fi £300 ránṣẹ́ báyìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó bínú. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kógbá sílé ní Oṣù Kejì. Mo béèrè owó ìjọba lọ́sẹ̀ náà gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi dúró. Ta ni yóò sọ fún Dàpọ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta, pé kí ebi má pa á di oṣù tí ń bọ̀? Mo gba £720 lọ́wọ́ wọn ṣáájú. Gbèsè ni: wọn yóò máa yọ £30 lóṣù fún oṣù mẹ́rìnlélógún.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Tèmi jẹ́ £400.14 lóṣù, ti ọmọ kọ̀ọ̀kan £292.81, ó di £985.76. Wọ́n yọ £30, ó ku £955.76. Owó ilé ń lọ tààrà sọ́dọ̀ kánsù. Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí èyí tí ó bá kọjá lọ́wọ́ mi, ebi lè mú mi ná an. Mo sì ti kó àjọ kí iṣẹ́ tó bọ́. £200 ni mo ń dá lóṣù títí di ìparí Oṣù Kẹsàn-án, n kò sì lè sọ fún àwọn tí kò tíì kó tiwọn pé kò sí mọ́. Iná àti gáàsì gba £160, bọ́ọ̀sì £70, tẹlifóònù àti owó orí ilé £45. Ó ku £480 àti kọ́bọ̀ díẹ̀.

Lọ́jọ́ tí owó bá wọlé, mo ti pín in sí àpòòwé márùn-ún kí n tó jáde: £110 nínú mẹ́rin, £40 nínú ìkarùn-ún. Oṣù kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́rin géérégé. Ọjọ́ méjì mẹ́ta tí ó lé yẹn ni ó kọ́kọ́ sọ mí di ẹni tí ń yá mílíìkì lọ́wọ́ aládùúgbò. Ẹ rántí Màámi nídìí àlùbọ́sà: owó ọjà lọ́tọ̀, owó ọbẹ̀ lọ́tọ̀. Ohun tí mo ń ṣe náà nìyẹn. Owó ọmọ, £26.05 fún Bọ́lá àti £17.25 fún Dàpọ̀, ń wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀; òun ni mo ń gbé lọ sọ́jà ní Sátidé.

Bọ́lá ń jẹun ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́ nílé ìwé, bí gbogbo ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù láti Oṣù Kẹsàn-án 2023. Ọlidé ni mo ń bẹ̀rù.

Mo ń wá iṣẹ́ lójoojúmọ́. Láti Oṣù Kẹwàá, tí àjọ bá ti parí, n ó máa fi £50 ránṣẹ́ lóṣù fún oṣù mẹ́fà. Ẹ bá mi wá tapólì bo ibẹ̀ ná. Ẹ má sì jẹ́ kí Màámi gbọ́ pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Èmi ni àbúrò yín,
Àdùkẹ́.

ÀKÍYÈSÍ

Ìkíni kò ju ìlà méjì lọ. Nínú ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí mo fi kọ́ni, mo rí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó fi ojú ìwé kan kí ará ilé, tí ààyè sì tán kí ó tó dé orí ọ̀rọ̀. Wo ibi tí Àdùkẹ́ ti sọ pé òun kò lè fi owó ránṣẹ́: gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú ìpínrọ̀ kejì. Bí ó bá fi í pamọ́ di ìparí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò ti máa fi ọkàn ka £300 bí ó ti ń ka lẹ́tà.

Kò dárúkọ bàbá àwọn ọmọ. Ó lè wù ọ́ láti fi ìpínrọ̀ kan bú u, ṣùgbọ́n ìbéèrè kò béèrè rẹ̀. Bí o bá kọ iye owó, ṣe ìṣirò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé kí ó tó wọ inú lẹ́tà. Olùyẹ̀wò náà mọ ìṣirò.

Ìdánrawò: Kọ lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́ yóò fi dá a lóhùn. Màámi ti gbọ́.