Ilé Àṣà Tuntun ní Oníkan

Ní ọdún 1928, Dókítà John Randle ṣe adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan sí Oníkan, ní Èkó, kí àwọn ọmọ ìlú lè kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Nígbà tí ó yá, adágún náà bàjẹ́. Ibẹ̀ ni ìjọba Èkó wá kọ́ ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá sí.

Ẹ̀yin ọmọ, báwo ni ilé ńlá kò ṣe ní bo ohun àtijọ́ mọ́lẹ̀? Ṣeun Odùwọlé, tí ó ya àwòrán ilé náà, mú kí òrùlé gbéra díẹ̀díẹ̀ láti ilẹ̀, koríko sì wà lórí rẹ̀. Ògiri ní àwọ̀ amọ̀ bíi ti ilé àwọn baba wa. Ó yẹ ibẹ̀ ju ògiri dígí lọ. Wọ́n tún adágún náà ṣe pẹ̀lú. Ààrẹ Buhari ṣí ilé náà ní ọdún 2023.

Ìbéèrè: Kí ni ó wà lórí òrùlé náà?