Ijù kì í ṣe ilẹ̀ yanrìn



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí ọmọ kan tó ń kọ́ Ifá lọ́dọ̀ mi gbé ẹbọ lọ sí ijù. Ìgbà tó dé, mo ní, "Níbo lo gbé e sí?" Ó ní, "Bàbá, ibi tí wọ́n da yanrìn sí, níbi ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ yẹn." Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín yẹn ò pẹ́. Ẹbọ ẹlẹ́bọ ló wà láàárín àwọn bíríkìlà! A ní láti tún òmíràn ṣe, owó àpò mi ló sì lọ sí i.

Ó ní òun rò pé ijù ni aginjù, aginjù sì ni Sàhárà.

Ijù àti aginjù, ibi tó jìnnà sílé ni, tí èèyàn kì í gbé, tí a kì í dáko sí. Ẹranko ló ni ín. Igi ibẹ̀ lè dí títí kí ojú ọ̀run má hàn, ó sì lè jẹ́ koríko gbígbẹ lásán. Àìsí èèyàn ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ, kò sọ ti àìsí omi. Ìyẹn ló fi yàtọ̀ sí igbó etílé tí a ti ń já ewé. Ọ̀dàn tún yàtọ̀: pápá koríko tí igi rẹ̀ ò pọ̀ ni, irú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ Ilé, níbi tí ẹṣin ti lè sáré. (Ẹ má pè é ní ọdán o, igi tó ń ṣe ibòji lọ́jà nìyẹn.) Ilẹ̀ tó gbẹ tí kò hu nǹkan, aṣálẹ̀ ni. Ẹ gbọ́ "ṣá" nínú rẹ̀, bí aṣọ ṣe ń ṣá.

Níbo wá ni yanrìn ti wọlé? Nínú Bíbélì tí Àjàyí Crowther àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ túmọ̀, tí odidi rẹ̀ jáde ní 1884, ijù àti aginjù ni wọ́n fi pe ibi tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti rìn fún 40 ọdún. Èmi ò bá wọn jà. "Midbar" tí àwọn Hébérù ń pè é, ibi tí wọ́n ń da ẹran lọ ni, tí kò sí ìlú níbẹ̀. Ó bá ijù mu dáadáa. Àwòrán inú fíìmù ló kó yanrìn bò ó lójú wa.

Torí náà, bí ẹ bá gbọ́ nínú ẹsẹ Ifá pé ẹnì kan ń lọ sí ijù, ẹ má ro òùngbẹ. Bó bá ké níbẹ̀, ta ni yóò gbọ́? Ohun tó ń ba awo lẹ́rù fún un nìyẹn. Bí a bá sì ní kí ẹbọ lọ sí ijù, ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn ò ní tẹ̀ ẹ́ là ń wí.

Lọ́tẹ̀ yìí, èmi àti ọmọ náà la jọ gun ọ̀kadà dé ibi tí ọ̀nà pin, a wá fẹsẹ̀ rìn wọnú lọ. Kò sí yanrìn kankan níbẹ̀ o.